Wọ́n Ní A Ti Di Ọ̀gá Ara Wa

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́. Ọmọ ọmọ mi kan, Ràfíátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ní polí, ló gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé iṣẹ́ kan ní Àgídìngbì ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n to ohun tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń bójú tó o. Ràfíátù ní, "Bàbá àgbà, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tó máa dùn mọ́ wọn? Ṣé kí n ní mo lè dá dúró, àbí kí n ní wọn ò nílò láti máa ṣọ́ mi?"

Mo dá fóònù padà fún un, mo ní kó má tíì kọ nǹkan kan. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi ni. Ó yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ fítà, tí mò ń tú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, tí mò ń tún un ṣe. Ẹni tó dá dúró, ẹni tí wọ́n fọkàn tán, ọ̀gá ara ẹ̀, ẹni tó ń ṣe tinú ẹ̀, ẹni tí kò gbàṣẹ, ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀: mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi gbogbo orúkọ yìí pe ẹnì kan ṣoṣo, lórí iṣẹ́ kan náà, kí ọdún méjì tó pé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wáṣẹ́ kiri, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn láti sọ. Ọ̀yọ́ ni mo ti wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń gbé ní Agége ló mú mi lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Oregun tí wọ́n ti ń ṣe sálúbàtà rọ́bà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ti kógbá sílé tipẹ́. Wọ́n gbà mí, owó oṣù ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Ó tán.

Ọwọ́ Ọ̀gá Múnírù ni wọ́n fi mí sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í na ẹnikẹ́ni. Ẹ má rò pé ìyẹn dẹrùn. Ó lè ní kó o tú ẹ̀rọ tó o ti tò tán palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan ṣoṣo, kò sì ní sọ ibi tó o ti ṣì í ṣe. Ìwọ lo máa wá a rí. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ẹ̀rọ kan yá, á fi orí sukurudíráfà gígùn kan ti ara irin, á fi ìdí ẹ̀ sétí, á dijú, á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Lóde òní wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń tì mọ́ ọn tó ń sọ nọ́ńbà fún wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí nọ́ńbà tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn máa ń gbọ́.

Èmi àti Sùnmọ́nù la jọ wà lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Sùnmọ́nù, ẹnu ẹ̀ dùn, ọwọ́ ẹ̀ sì yá ju tèmi lọ fíìfíì. Ohun tí mo bá fi wákàtí kan ṣe, á ti ṣe é tán, á ti máa wá ẹni tó máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń bẹ láyé, ó sì mọ̀ pé mò ń kọ èyí.

Ẹ̀rọ tó ń po rọ́bà ni olórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀pá irin ńlá méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ju itan àgbàlagbà lọ, wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń yí sínú síra wọn. Àárín wọn lèèyàn ń ju rọ́bà sí. Ohun tó bá bọ́ sáàárín wọn, wọn kì í bi í léèrè bóyá rọ́bà ni.

Kí Ọ̀gá Múnírù tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, á kọ́kọ́ lọ sídìí súìṣì lára ògiri. Súìṣì ayé ìgbà yẹn ní apá irin gígùn kan tí wọ́n ń tì sókè, tí wọ́n ń fà wálẹ̀. Á fà á wálẹ̀, á yọ àkísà pupa kan lápò, á so ó mọ́ apá súìṣì náà ní kókó méjì. Lẹ́yìn náà á pe ọ̀kan nínú wa pé kó wá dúró tì í. Iṣẹ́ tiwa ni ká dúró síbẹ̀, ká kọjú sí súìṣì, títí tí òun fúnra ẹ̀ á fi dé láti tú kókó tó so. Òfin ẹ̀ ò ju méjì lọ. Ẹni tó so ó ló ń tú u. Ẹni tó sì dúró tì í kò gbọdọ̀ kúrò, bí ilé bá ń jó, kó dúró síbẹ̀ kó pariwo.

Lọ́jọ́ kan, mo ti dúró láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo rí Ọ̀gá Múnírù tó jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ, tó ń nu gírísì ọwọ́ ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Mo tú àkísà, mo ká a dáadáa, mo gbé e lọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò gbà á. Ó dì mí lọ́wọ́ mú lọ síwájú ẹ̀rọ.

"Ti ọwọ́ ẹ bọ àárín ẹ̀," ó ní.

Mo ní mi ò lè ṣe é.

"Kí ló dé? Ṣebí wọ́n ti pa á."

Mo ní mi ò mọ ẹni tó wà nídìí súìṣì.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Rájì. Nígbà tó o tú aṣọ mi yẹn, mo ṣì fẹ́ padà wá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Oṣù kan gbáko ló fi ní kí n máa gbálẹ̀ ọgbà. Mo bínú sí i débi pé mi ò fẹ́ kí i láàárọ̀. Sùnmọ́nù sọ mí ní Ọ̀gá Onígbàálẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ sì bá a pè é. Lójú wa nígbà yẹn, ìyà lásán ni kéèyàn wà lábẹ́ ojú ọ̀gá. À ń rí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Agége, tí wọ́n ń ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, tí ọ̀gá wọn ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí, tó ń gbàdúrà pé wọ́n ti kúrò lábẹ́ òun, kí wọ́n máa lọ fúnra wọn. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín bísíkíìtì àti mínírà. Àwa ò ní irú ẹ̀. Nílé iṣẹ́ tiwa, bó o bá pẹ́ tó bàbá arúgbó, ẹnì kan ṣì ń bẹ lẹ́yìn ẹ tó ń wo ọwọ́ ẹ. Ó máa ń dùn wá.

Ọ̀gá Múnírù fẹ̀yìn tì. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, máníjà tuntun kan dé. Ó kó gbogbo wa jọ síbi ìjẹun, ó ní ilé iṣẹ́ ti fọkàn tán wa, a kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti máa dúró lé wa lórí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí súpáfáísọ̀ mọ́, oníkálukú ti di ọ̀gá ara ẹ̀. Fítà méjì tó ń wà nídìí ẹ̀rọ kan á di ẹyọ kan. A pàtẹ́wọ́. Ìtìjú ń bá mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n a pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi pupa.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló máa yé àwọn ará Agége, kò ní yé ẹlòmíràn. A ní fíríìdọ̀ọ̀mù wa ló dé yẹn. Sùnmọ́nù ra páálí mínírà kan, ó pín in yípo. Ìyàwó mi se ìrẹsì. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, èmi àti Sùnmọ́nù wọ aṣọ tó dáa, a lọ sílé Ọ̀gá Múnírù ní Agége pé kó wá gbé ọwọ́ lé wa lórí, kó ṣe àdúrà tí ọ̀gá ń ṣe fún ọmọṣẹ́ tó dòmìnira.

Bàbá náà gbọ́ wa títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tí ọ̀kan nínú yín bá ti so aṣọ, ta ló máa dúró tì í?"

Sùnmọ́nù ní, "Bàbá, a ti kọjá ìyẹn."

Ọ̀gá Múnírù ò gbé ọwọ́ lé wa lórí. Ó ní, "Ẹni tó so ó ló ń tú u. Ṣé máníjà yẹn ló so yín ni?" Ó ní kí wọ́n fún wa lómi mu, ó sì dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Gbogbo ọ̀nà la fi ń rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń bọ̀. A ní owú ló ń jẹ bàbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n bí àgbà bá wà lọ́jà tí ìyá ọmọ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ńkọ́?

Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n yọ súìṣì alápá gígùn kúrò lára ògiri. Wọ́n gbé àpótí irin tuntun kan wá, bọ́tìnnì méjì ló wà lójú ẹ̀: àwọ̀ ewé láti tan ẹ̀rọ, pupa láti pa á. Ó dán gbinrin. Ibi tí a máa so àkísà mọ́ ni kò sí. Àwọn tó gbé e wá fihàn wá pé ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún àgádágodo; tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́, wàá tì í, wàá fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò bá wọn jà. Wọ́n kó àgádágodo méjìlá wá nínú páálí, wọ́n gbé e lọ sí sítọ́ọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun ló ń bí mi nínú jù. A lọ gba àgádágodo. Ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní òfin òun ni pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé súpáfáísọ̀ fọwọ́ sí i. A ní kò sí súpáfáísọ̀ mọ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n àyè ìfọwọ́sí ń bẹ lórí ìwé òun, àyè náà ò sì gbọdọ̀ ṣófo. A ní ṣebí ọ̀gá ara wa ni wá, ká fọwọ́ sí i fúnra wa. Ó fi wá rẹ́rìn-ín. A kọ̀wé sí máníjà lẹ́ẹ̀mejì, kò sí èsì. Páálí yẹn wà lórí pẹpẹ, a ń wò ó lójú fèrèsé. Sùnmọ́nù padà sídìí àkísà pupa, ó ń so ó mọ́ páìpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bọ́tìnnì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, á rò pé wọ́n sá a síbẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jímọ̀ dé. Rọ́bà há sáàárín àwọn ọ̀pá náà. Sùnmọ́nù tẹ bọ́tìnnì pupa, ó so àkísà mọ́ páìpù. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ kejì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, iṣẹ́ tèmi náà wà lọ́wọ́ mi. Ó pè mí.

"Rájì, wá dúró tì mí díẹ̀."

Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo ní a ti kọjá ìyẹn, Ọ̀gá Ara Ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbẹ̀san Ọ̀gá Onígbàálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Ó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ti ọwọ́ bọ àárín ọ̀pá láti fa rọ́bà náà yọ. Àwọn tó ń gbaṣẹ́ ọ̀sán wọlé. Ọ̀kan nínú wọn rí i pé ẹ̀rọ ti kú, kò rí èèyàn nídìí súìṣì, ó sì rí àkísà kan lára páìpù. Ó tẹ bọ́tìnnì tó láwọ̀ ewé. Ohùn tí mo gbọ́, mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ọwọ́ ọ̀tún Sùnmọ́nù lọ dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ tó yá ju tèmi lọ.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ìyáàfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti tẹ ìwé kan sílẹ̀. Ó kà á fún mi, ó sì túmọ̀ ẹ̀: pé Sùnmọ́nù dá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, pé ó ṣe tinú ẹ̀, pé kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé èmi Rájì tí mo wà nítòsí jẹ́rìí sí i.

Mo ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ ní ká máa ṣe é fúnra wa."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò gbọ́ èdè. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Rájì, kéèyàn má lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ yàtọ̀ sí kéèyàn má gbàṣẹ. A fọkàn tán an ni, a ò ní kó ṣe bó ṣe wù ú."

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ó ń dá dúró. Nígbà tí ọwọ́ já, ó dá a ṣe. Iṣẹ́ kan náà, ọkùnrin kan náà, àkísà kan náà. Ẹnu wọn nìkan ló yí padà, bó ti ń wù wọ́n ni wọ́n sì ń yí i. Mo mọ èyí lórí àga yẹn, ó yé mi kedere. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mẹ́rin nílé, ìyáàfin náà sì ti na bírò sí mi. Mo gbà á, mo fọwọ́ sí i.

Ìwé yẹn ni wọ́n fi dá Sùnmọ́nù dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó tọ́ sí i, wọn ò fún un.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí máníjà fi ṣàwárí pé ó yẹ kí ẹ̀ka wa ní súpáfáísọ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ sí sítọ́ọ̀, mo fọwọ́ sí àyè tó ṣófo lórí ìwé ọkùnrin yẹn, ó sì gbé páálí náà fún mi. Méjìlá ṣì pé. Kò sẹ́ni tó tíì já ọ̀rá ara wọn. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò jẹ́ kí fítà kan fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn dúró ti súìṣì, àgádágodo o, àìsí àgádágodo o. Wọ́n ní mo le jù. Àwọn kan bínú sí mi bí mo ṣe bínú sí Ọ̀gá Múnírù. Wọ́n ṣì ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun.

Gbogbo ọdún yìí, ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan lèmi àti Sùnmọ́nù ń pàdé ní mọ́ṣáláṣí. Bàtà ló ń tún ṣe níwájú ilé ẹ̀ ní Agége. Á fi ẹsẹ̀ di bàtà mú, á fi ọwọ́ òsì rán an. A ń ṣeré, a ń bu ara wa, a kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí; èmi kì í pa òwe yẹn níbi tó bá wà. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé Sùnmọ́nù ò mọ ẹni tó jẹ́rìí sí ìwé náà, mo sì ń fi ìyẹn sùn.

Nígbà tí Ràfíátù béèrè ọ̀rọ̀ tó máa kọ lọ́wọ́ mi, ó dà bíi pé wọ́n tún na bírò yẹn sí mi. Mo mú un lọ́wọ́, a lọ bá Sùnmọ́nù. Níwájú ọmọ náà ni mo ti sọ ọ́: pé èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Kò gbé ojú kúrò lára bàtà tó ń rán. Ó ní, "Mo mọ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ ni mo kọ́kọ́ rí."

Mo ní kí ló dé tí kò fi bi mí látọjọ́ yìí.

"Mò ń retí ẹ ni," ó ní. "Ẹni tó so ó ló ń tú u."

Mo sunkún níbẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. Òun kò sunkún. Ó yíjú sí Ràfíátù, ó ní kó kọ lẹ́tà ẹ̀, kó má purọ́ nípa ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kó bi wọ́n pé ta ni yóò dúró ti òun tí ọwọ́ òun bá wà nínú ẹ̀rọ. Ó ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Àgídìngbì ò tíì dáhùn. Ìyá ẹ̀ ń bínú sí mi pé mo ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Kó máa bínú.

Èmi Rájì, fítà, ló ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni ò na bírò sí mi. Ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ajé yẹn, irọ́ ni. Sùnmọ́nù kò ṣe tinú ẹ̀. Ó so aṣọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ó sì pe ẹni tó yẹ kó pè. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni mo wà sí i, mi ò lọ.